Orí Sílíńdà Tuntun

Akínpẹ̀lú náà ni, àbí?

Bí wọ́n bá jẹun ní Ọjà Igbó, Akínpẹ̀lú ni ọ̀gá wọn, Alhájà Marufat, máa ń kọ́kọ́ bu ẹran fún.

Akínpẹ̀lú àti Mìkáílù ni wọ́n jọ ń wọ omi dáàmù lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n ń fa koríko kúrò lẹ́nu páìpù.

Alhájà ra orí sílíńdà tuntun, irin tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kó tó dé ẹnu òmùwẹ̀.

Ta ló fún un? Akínpẹ̀lú!

"Tèmi ti gbó, mà," ni Mìkáílù wí.

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," ni Alhájà dáhùn. " Ike àtijọ́ tí ò ń há sẹ́nu ò lè gba agbára tuntun yìí. Èyí tó máa bá a mu ń bọ̀. Ṣe sùúrù."

Sùúrù wo? Mìkáílù yí ẹ̀yìn padà, ó lọ.

Láàárọ̀ yìí, Mìkáílù fúnra rẹ̀ ló bá Akínpẹ̀lú de sílíńdà mọ́ ẹ̀yìn. Ó tiẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wọ omi.

Kò pẹ́, afẹ́fẹ́ ń tú yàà dànù lẹ́nu Mìkáílù. Ó di ike ẹnu rẹ̀ mú, afẹ́fẹ́ ò dúró. Sílíńdà gbẹ.

Akínpẹ̀lú yára ki ike kejì tó so mọ́ sílíńdà tirẹ̀ bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Wọ́n jọ ń mí bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi yọ sórí omi.

"Orí tuntun yìí ló kó wa yọ o!" Akínpẹ̀lú dì mọ́ ọn.

Alhájà, tó ń dúró dè wọ́n létí omi, wo ẹ̀yìn Akínpẹ̀lú.

Orí gbígbó Mìkáílù ló wà níbẹ̀.

Orí tuntun náà ń dán gbinrin lẹ́yìn Mìkáílù.