Ìkánjú Tó Ba Ìkòkò Rẹ́síìnì Jẹ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ ní ìdajì. Ẹ kà á tán, kí ẹ wá fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ara rẹ̀ kì í balẹ̀ nínú ẹbí yín. Ẹ mọ̀ ọ́n.

1.
Ọkùnrin kan wà tí gbogbo ibi iṣẹ́ ń pè ní Kíákíá. Orí ìdúró ló ti ń jẹun. Bó bá jókòó pàápàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa jó nílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú òbí wọn, ló ni ilé iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ti ń se rẹ́síìnì, ìyẹn oje tó ń mú ọ̀dà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ̀ mọ́ irin. Ìkòkò ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n ní, òun ló sì ń bọ́ gbogbo wọn.

Ọ̀dà yìí kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn o. Wọ́n á ri ara ọkọ̀ bọ inú ọ̀dà olómi, wọ́n á so ó mọ́ wáyà nẹ́gétíìfù, iná á sì fa ọ̀dà wọ gbogbo kọ̀rọ̀ irin. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yan án nínú ààrò. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹpọ́sì, irú rẹ́síìnì tí wọ́n ń lò, le jù. Bí irin bá tẹ̀ díẹ̀, ọ̀dà á là.

Kíákíá ló rí ojútùú. Ó fi yúrétéènì, èròjà tó máa ń jẹ́ kí nǹkan lè tẹ̀ láìkán, tún ẹpọ́sì ṣe nínú ìgò kékeré, ó fi iná lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù, ó yan án. Wọ́n ká páànù náà, ọ̀dà ò là!

"Orí ẹ pé!" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pariwo, ó dì mọ́ ọn.

Ẹni tó gbọ́ ìyẹn, ṣé ara rẹ̀ á tún gba sùúrù?

2.
Ọjọ́ tí àwọn tó ń kan ọkọ̀ fẹ́ wá wò ó nínú ìkòkò ńlá dé. Ẹ gbọ́ mi dáadáa níbí. Èròjà tí wọ́n fi ń ṣe yúrétéènì náà ní ọwọ́ méjì. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi èròjà míì di ọwọ́ kan nínú àgbá, kí ọwọ́ kejì lè di ẹpọ́sì mú nínú ìkòkò. Inú ààrò ni ọwọ́ tí ẹ dì yẹn á ti tú. Bí méjèèjì bá wà ní títú nínú ìkòkò, á fa tibí, á fa tọ̀hún, gbogbo ẹ̀ á so kọ́ra, á dì.

"Mò ń lọ pàdé àlejò ní géètì," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Má dà á sínú ìkòkò o, àfi tí mo bá yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Tèmi balẹ̀. Tìẹ ńkọ́?"

Kíákíá wo aago. Ó rìn dé ojú wíńdò, ó padà, ó tún wo aago. Bó bá jẹ́ nínú ìgò ni, ọwọ́ kan ì bá ti di dídì. Àmọ́ àgbá ni èyí. Omi tútù ni wọ́n fi ń tu àgbá lára kó má baà gbóná jù, nítorí náà ọwọ́ yẹn kì í tètè dì. Ló bá gbọ́ ohùn àlejò. Ó fẹ́ kí wọ́n bá iṣẹ́ ní píparí.

"Àbí kí ló kù?" Ló bá dà á sínú ìkòkò.

3.
Kò pẹ́, ẹ̀rọ tó ń rò ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kíákíá sáré lọ wò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé pẹ̀lú àwọn àlejò.

"Kí ló ń kùn báyẹn? O ti dà á ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n mi! Bí ẹ̀rọ ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Ó gbà á gbọ́, ó kọjú sí àlejò. Kíákíá rò pé bóun bá fi ooru kún un, á rọ̀. Yéè! Ooru gan-an ni rẹ́síìnì yẹn ń wá. Ó dì, ẹ̀rọ dúró gbagidi. Èéfín tó ń ta ojú gba gbogbo yàrá, wọ́n sá jáde, wọ́n ń wúkọ́.

4.
Wọ́n fi òòlù gbẹ́ ìkòkò náà títí, pàbó ló já sí. Àwọn àlejò ò padà wá. Ilé iṣẹ́ tì pa. Obìnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá ara rẹ̀ wá ń bá ẹlòmíràn fọ ìgò.

Kíákíá ń sunkún. "Ẹ dárí jì mí. Ìkánjú ni."

"Mi ò bínú ìkánjú, mo mọ̀ ọ́ mọ́ ẹ láti kékeré," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi ẹ́, a ṣì lè ṣí ìdí ìkòkò, ká dà á nù kó tó dì. Èmi tí mo tọ́ ẹ, o purọ́ fún mi."

Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́ oníṣẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹ ṣọ́ra! Ẹ má fi aago ìgò ṣe iṣẹ́ ìkòkò. Bí ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí àtúnṣe ṣì wà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.