Fèrèsé Tó Sún Mọ́lẹ̀

"Ẹ wo bí fèrèsé yìí ṣe sún mọ́lẹ̀," ni ayàwòrán-ilé wí, ó tẹ́ àwòrán báńkì àdúgbò síwájú ìgbìmọ̀. "Ara ilé amọ̀ kan lábúlé ni mo ti rí i. Èèyàn á jókòó sínú ilé, á máa kí ará ìta. Ọgbọ́n àwọn àgbà nìyẹn!"

Oṣù mẹ́ta ló fi wọn ilé kiri abúlé. Bí wọn ò bá gba àwòrán yìí, ẹni tó fẹ́ fi gíláàsì kọ́ báńkì náà ló máa gbaṣẹ́.

Ni baba kan tó jẹ́ bíríkìlà, àgbà nínú ìgbìmọ̀, bá bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, èmi ni mo kọ́ ilé yẹn. Ọgbọ́n wo? Mo ṣi fèrèsé yẹn wọ̀n ni!"

Ojú ti ayàwòrán-ilé. Alága ní, "Ṣé ká gbé e sókè nígbà náà?"

"Ẹ má dán an wò!" Ìyàwó baba náà, tóun náà wà nínú ìgbìmọ̀, dìde. "Ilé bàbá mi ni. Èmi ni mo máa ń jókòó sídìí fèrèsé yẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ mi yìí fi ń wá tún un ṣe, fèrèsé ò sì fi ìka kan kúrò níbi tó wà!"

"Baba," ni alága wí, "fèrèsé lẹ ń tún ṣe ni, àbí ọmọge lẹ ń wò?"

Baba họ orí. "Méjèèjì ni."

Gbogbo ọwọ́ ló gòkè fún àwòrán náà. Ayàwòrán-ilé mú pẹ́ńsùlù, ó rọra ya bẹ́ǹṣì kan síta, lábẹ́ fèrèsé.