Àgbà-Ọ̀jẹ̀ àti Jíà Ẹ̀yìn Kẹ̀kẹ́

Ọkùnrin kan wà tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nídìí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ní àbùkù kan: kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Èmi ò mọ èyí." Àwọn oníbàárà ń pè é ní Àgbà-Ọ̀jẹ̀, orúkọ náà sì ń pa á bí ọtí.

Lọ́jọ́ kan, ìyá agbẹ̀bí ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wá. Eyín jíà ẹ̀yìn, irin tí ṣéènì ń yí, ti jẹ tán, bẹ́ẹ̀ òkè ló ń gùn lójoojúmọ́ pẹ̀lú àpò oògùn ńlá lẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Ọ̀gá, wọ́n ní irú méjì ló wà. Ti àtijọ́ tí wọ́n ń yí mọ́ àárín táyà bí ìdérí ìgò, àti tuntun tí wọ́n kàn ń tì wọ̀ ọ́. Èwo ni kí n ṣe?"

Àgbà-Ọ̀jẹ̀ kò tíì tú tuntun yẹn wò rí. Ṣùgbọ́n èrò pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín. Pàǹtí ni tuntun."

Àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fà á létí aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká béèrè ná. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

"Dákẹ́ ńbẹ̀!"

Ó yí jíà àtijọ́ onípele méje mọ́ táyà náà. Oṣù kan kò pé tí irin àárín táyà fi tẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó tún tẹ̀, ó tún pààrọ̀ rẹ̀. Ni Àgbà-Ọ̀jẹ̀ bá ra táyà kan tó ní irú jíà tuntun yẹn, ó ti ìlẹ̀kùn yàrá rẹ̀ mọ́rí lọ́sàn-án gangan, ó tú u. Ibẹ̀ ló ti rí i. Nínú ti àtijọ́, bíárìn, àwọn ọta irin kéékèèké tí táyà fi ń yí, jìnnà sí etí irin àárín, irin náà nìkan ló ń dá ru ẹrù. Nínú tuntun, bíárìn sún mọ́ etí, ó ń gbé irin ró. Tuntun ló yẹ ẹlẹ́rù tó ń gun òkè.

"Ẹ lọ sọ fún ìyá," ni ìyàwó rẹ̀ wí nígbà tó gbọ́.

"Lẹ́yìn tí mo ti pe tuntun ní pàǹtí lójú gbogbo ayé?"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Láti ọjọ́ náà, ṣọ́ọ̀bù di àgò mọ́ ọn lórí. Bó bá ti gbọ́ aago kẹ̀kẹ́ ìyá, á bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn táyà bí ẹni ń wá nǹkan.

"Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o!"

"Ẹ ṣé, ìyá." Á mú sípánà, á dojú kọ iṣẹ́ mìíràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó káfíńtà tí ìsọ̀ rẹ̀ wà níwájú ṣọ́ọ̀bù ń rọbí nílé wọn lórí òkè. Ìyá gbéra kíá. Ní agbedeméjì òkè, irin ṣẹ́, ìyá ṣubú, eegun èjìká rẹ̀ kán. Kí wọ́n tó rí agbẹ̀bí mìíràn, ọmọ káfíńtà ti kú.

Nígbà tó yá, ìyá wá sí ṣọ́ọ̀bù, apá rẹ̀ wà ní dídì mọ́ àyà.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ mọ̀ pé irin yẹn lè ṣẹ́?"

Àgbà-Ọ̀jẹ̀ gbé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lójú gbogbo èrò.

"Mo mọ̀, ìyá. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀."

Ìyá kò bú u. Ó yíjú, ó lọ. Àwọn oníbàárà kó kẹ̀kẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àbúrò rẹ̀ náà kúrò. Àgbà-Ọ̀jẹ̀ fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù, kò rẹ́ni rà á. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí, ó dojú kọ ìsọ̀ káfíńtà. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń gbọ́ òòlù. Bí òòlù bá dákẹ́, kì í lè gbójú sókè, kí ojú rẹ̀ má bàa ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti káfíńtà.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Kò sẹ́ni tí yóò pa yín nítorí pé ẹ ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ òtítọ́, tó wá fi ìtìjú bò ó, ẹlòmíràn ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ẹ tètè sọ pé, "Mo ṣìṣe," nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ òkè.