Akẹ́kọ̀ọ́ Àǹtí Ó-Dára

Àpótí mẹ́ta ni òyìnbó náà gbé wá sí abúlé, ìwé ló sì kún méjì nínú wọn. Ẹgbẹ́ kan ló rán an wá láti òkè òkun pé kó fi ọdún kan kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọ́ èdè kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ ọ, "ó dára" ló rọrùn fún un jù. Wọ́n fi yàrá rẹ̀ hàn án, ó ní ó dára. Wọ́n fi kànga hàn án, ó ní ó dára. Wọ́n ní ejò wọ ilé ìwẹ̀ lánàá, ó ní ó dára. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn ọmọ ti ń pè é ní Àǹtí Ó-Dára.

Ilé opó kan ni ọ̀gá ilé-ìwé fi í sí. Obìnrin náà ni yóò máa se oúnjẹ fún un, tí yóò sì máa fọ aṣọ rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ẹ má bínú mà," ó sọ fún obìnrin náà. "Òun nìyí."

"Kí ló dé tí màá fi bínú? Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Àǹtí ṣàkíyèsí pé ọ̀gá tí gbogbo orí rẹ̀ ti funfun ń fi "ẹ̀yin" bá obìnrin tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún sọ̀rọ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà pé níbí yìí, wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fún àwọn tó ń dáná.

Iṣẹ́ kò rọrùn. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló wà ní kíláàsì rẹ̀, bó bá sì ti kẹ́yìn sí wọn báyìí, ariwo ta. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń pa wọ́n lẹ́nu mọ́: kí Màmá, bí Àǹtí ti ń pe obìnrin náà, gbé oúnjẹ ọ̀sán wá. Bó bá ti yọ lójú fèrèsé, kẹ́kẹ́ á pa, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì á sọ̀ kalẹ̀. Àǹtí rò pé ebi ló ń pa wọ́n. Ó kọ̀wé sílé pé kí wọ́n fi bisikíìtì ránṣẹ́.

Ní oṣù kejì, ó jókòó ti Màmá níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Màmá, bí mo bá kọ́ ẹnì kan ní ìwé kíkà títí ó fi mọ̀ ọ́n, ẹgbẹ́ wa lè gbà á síṣẹ́ olùkọ́ níbí. Ẹni tí àwa fúnra wa bá kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń gbà. Ṣé ẹ mọ̀wé?"

Ọwọ́ obìnrin náà dúró nínú ẹ̀wà. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ nílùú láti ìgbà tí nǹkan ti le.

"Rárá o," ó ní. "Mi ò mọ nǹkan kan."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Màmá di pẹ́ńsù mú bí ẹni di ọ̀bẹ mú. Ó kọ b, ó kọjú rẹ̀ sẹ́yìn. Àǹtí rí i pé àṣìṣe rẹ̀ bá ti àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mu gẹ́lẹ́, kò sí ọ̀kan tó sọnù níbẹ̀, ó sì dùn mọ́ ọn pé ohun tí ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òun sọ ló ń ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé àwòrán igbá sókè.

"Ìgbà," Àǹtí wí.

"Igbá," Màmá wí.

Àǹtí mi orí. "Ẹ tẹ́tí sí mi dáadáa. Ìgbà."

Obìnrin náà wo àwòrán, ó wo Àǹtí.

"Ìgbà," ó ní.

"Ẹ ti ń gbìyànjú."

Ní oṣù kẹfà, Màmá ti ń ka gbólóhùn. Ní oṣù kẹsàn-án, ó ń ka odindi ìwé. Àǹtí fi ìròyìn ránṣẹ́ sí òkè òkun, wọ́n sì dá a lóhùn pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí ọdún pé, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ náà wá fúnra wọn. Màmá dìde níwájú wọn, ó ka ojú ewé kan láìkọsẹ̀. Omi bọ́ lójú Àǹtí. Ọ̀gá ilé-ìwé ń wo bàtà ara rẹ̀. Wọ́n fún Màmá ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti mọ̀ ọ́n kà, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ igbákejì olùkọ́, fún oṣù mẹ́fà ná, kí wọ́n fi wò ó bóyá á lè ṣe é. Ó ránṣẹ́ sí ìlú lọ́jọ́ náà gan-an pé kí ọmọ òun máa di ẹrù rẹ̀.

Àǹtí dì mọ́ ọn kó tó wọ mọ́tò.

"Ẹ má bẹ̀rù àwọn ọmọ yẹn, Màmá. Kíkọ́ni máa ń le níbẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rántí bí mo ṣe ń ṣe é."

"Mo ti rí i, Àǹtí," obìnrin náà ní. "Ẹ ṣeun."

Ní ọjọ́ Ajé, ó wọ kíláàsì, àwọn ọmọ náà sì dìde kí i bí wọ́n ti máa ń kí i láràárọ̀ tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ tí lẹ́tà fi dé pé olùkọ́ ọ̀fẹ́ kan ń bọ̀ láti òkè òkun, kí ọ̀gá ilé-ìwé tètè sọ fún obìnrin tó ti ń kọ́ni nínú yàrá náà láti ọdún mẹ́rìndínlógún pé kó máa lọ sílé.