Alùpùpù Tí Kò Gbọdọ̀ Tẹ Ọ̀dà

A ṣèlérí níwájú gbogbo ẹni tó jókòó pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ẹni tó bá gbé omi kaná, kí omi náà tó hó, a ó ti parí. A ò ní búra sí i o, nítorí ìbúra ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Akọ̀wé kóòtù kan wà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ń kọ ìwé ìbúra fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló sì mú wálé: ohun tí ìwé kò bá sọ, kò sí. Ó ní alùpùpù àtijọ́ kan, dúdú, tó ń dán bíi dígí. Òun a wà níwájú, ìyàwó rẹ̀ a wà lẹ́yìn. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi gùn ún bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó dá nìkan jáde, ó yà fún ewúrẹ́ lójú títì ọlọ́dà, ó sì kó sí gọ́tà. Ewúrẹ́ kò ṣèṣe. Akọ̀wé dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì.

Ìyàwó rẹ̀ gbé bébà àti gègé wá bá a lórí ibùsùn.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó kọ ọ́ pé: *Èmi, akọ̀wé kóòtù, kò ní gun alùpùpù yìí lórí ọ̀dà mọ́ títí ayé.* Ó fọwọ́ sí i. Ìyàwó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì fi í kọ́ sí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ẹrù, níbi tí alùpùpù wà.

Ọdún kan kọjá. Lẹ́yìn ilé wọn, ọ̀nà tóóró kan gba inú koríko, ó la odò kékeré kan kọjá, ó sì gun orí òkè. Ojú fèrèsé ni akọ̀wé ti ń wo òkè náà láti ọjọ́ tó ti kọ́lé. Ó wá pinnu pé lọ́jọ́ tí òun bá pé àádọ́rin ọdún, òun ó wo ìlú láti orí rẹ̀. Àmọ́ orúnkún tó ti wọ gọ́tà kì í gun òkè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó dúró níwájú ìwé ara rẹ̀, ó kà á, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀dà ni mo kọ," ó ní. "N ò kọ koríko."

Ó ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Sípánà.

"Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ sọ arúgbó alùpùpù yìí di ewúrẹ́ òkè ni?"

"Má dárúkọ ewúrẹ́ nínú ilé yìí."

Sípánà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kúrò kí ẹ̀ka igi má baà fọ́ wọn. Ó gbé sàlẹ́ńsà, ọ̀pá èéfín rẹ̀, sókè kí omi odò má baà wọ̀ ọ́. Ó fi irin pẹlẹbẹ gba ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ nítorí òkúta, ó sì pààrọ̀ taya tó ń dán sí èyí tó léyín gbọ̀ngbọ̀n.

Gbogbo èèyàn ń retí kí ìyàwó fi igbe bọnu. Ìyàwó gbé àpótí wá, ó jókòó, ó tún ìwé náà kà.

"Òótọ́ ni," ó ní. "Ìwé kò sọ koríko."

Orí akọ̀wé wú.

"Ibi ìjókòó èrò ńkọ́?" ìyàwó bi Sípánà.

"Mo ti tú u dànù, Màmá. Ọ̀nà igbó kì í gba èrò. Ẹnì kan péré ni."

"Ẹnì kan." Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn alùpùpù. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi rìnrìn àjò. Ẹ̀yìn ọkọ mi nìkan ni mo rí."

Sípánà rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé náà rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, ojoojúmọ́ ni ìyàwó ń wá.

"Ìjókòó yẹn ga jù. Arúgbó ló fẹ́ gùn ún."

Sípánà gé e. Ìyàwó ní ó ṣì ga. Sípánà tún gé e. Nígbà tí akọ̀wé gùn ún wò, orúnkún rẹ̀ fẹ́ kan àgbọ̀n.

"Ìyá àwọn ọmọ, ó dà bíi pé póò ọmọdé ni mo jókòó lé."

"Ẹsẹ̀ yín ò ha kanlẹ̀? Ààbò ni."

Ó ní kí wọ́n dẹ búréèkì, ó le jù. Ó ní kí wọ́n fa ọwọ́ alùpùpù sẹ́yìn, ó jìnnà jù. Ó ní kí Sípánà kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń jí i, àti bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀, nítorí bó bá lọ ṣubú lu ọkọ òun ńkọ́, ta ni yóò gbé e kúrò? Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ìyàwó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi ń dáhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ti akọ̀wé. Ìyàwó ra akoto tuntun wálé. Akoto náà dúró sókè etí akọ̀wé, kò sọ̀ kalẹ̀.

"Á gbòòrò," ìyàwó ní.

"Bàbá, ẹ ṣe sùúrù," Sípánà ní. "Ìfẹ́ máa ń fúnni lórí."

Ọjọ́ náà pé. Akọ̀wé pé àádọ́rin ọdún. Ó kun bàtà rẹ̀ títí ó fi rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Ẹ lọ wẹ̀ dáadáa, Bàbá àwọn ọmọ," ìyàwó ní. "Ọjọ́ ńlá ni."

Ọṣẹ wà lójú rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé Sípánà mà mọṣẹ́ o, ó ti ń mú un gbóná de òun. Nígbà tó jáde, Sípánà ló bá lórí àpótí ìyàwó, tó la ẹnu, tó ń wo ọ̀nà òkè ẹ̀yìn ilé. Yàrá ẹrù ṣófo. Akoto kò sí níbẹ̀. Ìwé ìbúra ṣì wà lórí ìṣó rẹ̀, àmọ́ lábẹ́ ibi tí akọ̀wé fọwọ́ sí, ẹnì kan ti fi gègé kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kún un.

*Kò sọ ìyàwó.*

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí kú sí wa nínú, nítorí akọ̀wé ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé òun fúnra òun ló ṣe alùpùpù náà fún ìyàwó òun láti ìbẹ̀rẹ̀, ìyàwó sì ti ṣèlérí pé òun ò ní já a nírọ́, bí ọkọ òun bá ti lè fọ ẹrẹ̀ ara taya ní gbogbo Sátidé.