Oúnjẹ Àlàájì Nìkan

Ṣúgà ló gba ẹsẹ̀ bàbá Àlàájì Sùnmọ́nù kó tó pa á, Àlàájì sì ti búra pé tòun kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi kúrò ní ìsọ̀ àlùbọ́sà rẹ̀ ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá Sókótó, tó lọ bá Dárasími, onímọ̀ oúnjẹ aláìsàn, ní àdúgbò Gidan Igwai. Jàfárù, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá, tẹ̀ lé e.

Dárasími kì í kọ oúnjẹ kan náà fún èèyàn méjì. "Gbogbo ara yín ni mo máa wò o, Àlàájì, kì í ṣe ikùn nìkan." Ìbéèrè mẹ́tàléláàádọ́ta ló bi í: bó ṣe ń sùn, ẹni tó ń bí i nínú, ìgbà tó sunkún gbẹ̀yìn.

"Kí ló ń bà yín lẹ́rù jù láyé?"

"Allah ni," ni Àlàájì wí, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ orí tábìlì ló tẹjú mọ́.

Dárasími kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa: Allah.

Lọ́jọ́ kejì, Jàfárù mú èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí Dárasími ní kí Àlàájì lọ ṣe dé láti làábù. Ṣúgà ti ga. Dárasími yọ túwó, ó yọ masa, ó yọ ẹran díndín. "Ti ara yín gan-an nìyí o. Ẹ má fún ẹlòmíì jẹ."

Ta ni yóò gbà á jẹ? Ẹ̀fọ́ aláìníyọ̀ àti ẹ̀wà ṣíbí mẹ́rin! Àlàájì fara dà á. Masa, àkàrà ìrẹsì tí Kande tó ń kiri oúnjẹ máa ń gbé wá sí ìsọ̀ láràárọ̀, di ti Jàfárù. Á jẹ ẹ́ tán, á mu omi inú ọ̀rá márùn-ún lé e, á tún sáré lọ tọ̀.

Lóṣù kejì, ṣúgà ga sí i. Jàfárù ń fi àtàǹpàkò tẹ ìgbọ̀nwọ́ nígbà tó mú ìwé náà dé, ṣùgbọ́n ìwé ni Dárasími ń wò. Ó yọ ẹ̀wà.

Lóṣù kẹta, ó tún ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Okùn kò di ṣòkòtò Àlàájì mú mọ́.

"Ẹ̀ ń yọ́ nǹkan jẹ, Àlàájì."

"Haba, dókítà! Wallahi, mi ò fẹnu kan nǹkan kan!" Omi lé ròrò sí i lójú. Ẹ̀rù ẹsẹ̀ rẹ̀ ń bà á gan-an ni.

Àánú rẹ̀ ṣe Jàfárù. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀ tirẹ̀, tó ti ń ta á bíi pé ó tẹ ẹ̀gún láti ọ̀sẹ̀ méjì.

Inú bí Dárasími. Ó ní ọ̀rọ̀ làábù ti sú òun, òun fúnra òun ni yóò fa ẹ̀jẹ̀ náà lónìí. Ó mú abẹ́rẹ́. "Ẹ na ọwọ́ yín."

Àlàájì kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ agbádá, ó ní, "Kí la tún fẹ́ fi abẹ́rẹ́ ṣe báyìí, ṣebí Jàfárù ni mo ti ń rán lọ kí wọ́n fa tirẹ̀ dípò tèmi láti ọjọ́ yìí wá, àbí kì í ṣe ìyá kan náà ló bí wa ni?"