Omi Tútù fún Bàbá Édouard

Célestin ti ránṣẹ́ sí Sakinath ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ó ní òun ń mú àwọn tó fẹ́ gba ilé bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí ó ti kó ẹrù rẹ̀ kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Sakinath fèsì pé kò burú, òun á tún ibẹ̀ ṣe díẹ̀ kí àlejò tó dé.

Etí ọ̀sà ni ilé náà wà, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí àwọn Àgùdà kọ́, tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ojú ògiri rẹ̀ tán. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni Bàbá Édouard, bàbá àgbà Célestin, ti ń fún epo pupa láyé àtijọ́. Fidèle, àbúrò Célestin, ló fẹ́ Sakinath. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí Fidèle ti kú, kò sì fi ọmọ sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Sakinath ti ń se ọṣẹ dúdú nínú àgbàlá yẹn. Ilé bàbá tirẹ̀ ní Dowa ti wó, kò ní ibòmíràn.

Célestin kò wọ yàrá ẹ̀yìn rí. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, Houinmè ló ń gbé. Ó ní òórùn ọṣẹ ń ba aṣọ òun jẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, èèyàn méjì ló mú wá. Mùsíè Arsène wá láti bírò kan tó ń tọ́jú ilé àtijọ́. Ẹ̀rọ ìfúnpo ló ń wá, irin ńlá tí Bàbá Édouard fi ṣiṣẹ́. Bó bá rí i, bírò á sọ ilé di ibi ìwòran. Ìkejì ni Daouda, oníṣòwò láti Djègan-Kpèvi. Òun fẹ́ wó o kí ó kọ́ òtẹ́ẹ̀lì. Célestin ti sọ fún olúkúlùkù wọn pé èkejì ti fẹ́ fọwọ́ sí i. Ọ̀nàkọ́nà tó bá gbà, Sakinath á lọ.

Sakinath kúnlẹ̀ kí wọn, korobá omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀,” ló wí fún Célestin, bí ìyàwó ilé ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ. “Ẹ má bínú, omi Bàbá ni mò ń gbé lọ fún un.”

“Bàbá wo?”

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Sàréè kan wà láàárín yàrá. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ dọ́gba, ó ga dé ìbàdí, aṣọ funfun bò ó, àbẹ́là ń jó lórí rẹ̀. Ibi tí aṣọ kò dé, ara rẹ̀ dúdú, ó ń rùn fún epo pupa.

Célestin yanu.

“Ẹ̀yin àkọ́bí ilé,” ni Sakinath wí, “ta ni mo jẹ́ tí màá fi ibojì Bàbá Édouard hàn yín? Ẹ̀yin lẹ kúkú mọ̀ ọ́n.”

Mùsíè Arsène ṣí fìlà. Daouda bọ́ bàtà. Àwọn méjèèjì ń wo ojú Célestin.

“Háà,” ni Célestin wí. “Ṣé èèyàn á gbàgbé ibi tí bàbá rẹ̀ sùn sí ni?”

“Kí ló dé tó fi ga báyìí?” ni Daouda bi í.

“Ìjókòó la sin ín. Ẹni ńlá kì í dùbúlẹ̀. Ojú mi ló ṣe! Èmi ni mo di àtùpà mú, mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.”

Mùsíè Arsène kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀, ọdún 1951 ni Bàbá Édouard kú. Ọdún 1957 ni wọ́n bí Célestin. Kò sẹ́ni tó ṣírò.

Daouda ti ń wá bàtà rẹ̀.

“Alàgbà, ẹ máa bá tiyín lọ. Èmi kì í ra ilé tí bàbá onílé ṣì jókòó sí. Bí mo bá kọ́ òtẹ́ẹ̀lì lé e lórí, ta ni yóò sùn níbẹ̀? Ẹ̀yin?”

Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

“Ẹ̀rọ wa ńkọ́?” ni Mùsíè Arsène wí.

“Ìyàwó wa, irin tó wà níbí dà?” ni Célestin bi Sakinath.

“Fidèle ló mọ̀ nípa irin, ọkọ mi. Èmi, ọṣẹ ni mo mọ̀.”

Mùsíè Arsène wo àgbàlá, ó wo abẹ́ àtẹ̀gùn, ó wo ẹ̀yìn ìkòkò ọṣẹ. Ó padà wá, ó tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Bàbá, ó gbé ìwé lé orí sàréè, ó kọ ọ́ pé kò sí ẹ̀rọ.

“Láìsí ẹ̀rọ, ilé lásán ni,” ló wí. “A sì kì í gbẹ́ ilẹ̀ olókùú.”

Ó ku Célestin àti Sakinath. Célestin ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn.

“Ìyàwó wa, ẹ... ẹ máa tọ́jú Bàbá.”

“Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi, ọkọ mi. Bí àwọn ẹbí yòókù bá lé mi, Bàbá á kàn jókòó lóun nìkan.”

Célestin kọ ọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má lé Sakinath títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ gún régé, tíṣà ni.

“Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń fún un lómi lójúmọ́?”

“Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Òùngbẹ rẹ̀ pọ̀.”

Omi lé sí Célestin lójú. Ó gba korobá, ó bu omi sí ẹsẹ̀ sàréè fúnra rẹ̀, ó ní kí Bàbá máa wo àwọn lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Houinmè.

Sakinath ti ilẹ̀kùn, ó ká aṣọ funfun kúrò, ó sì da omi tó kù sí gbogbo igun rẹ̀, nítorí mọlémọlé tó bá a fi búríkì àti sìmẹ́ǹtì bo ẹ̀rọ ìfúnpo ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, tó sì fi èédú pa á lára kí ó lè dà bí ti àtijọ́, ti kìlọ̀ fún un pé bí sìmẹ́ǹtì náà kò bá ń mumi láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, yóò sán, irin á sì yọjú.